Nítorí Èrè Ni Wọ́n Ṣe Kan Ráàkì, Kì Í Ṣe Nítorí Erè

Ọ̀rọ̀ kan há wa lọ́fun tí kò ṣeé gbé mì. Lọ́dún tó kọjá, àwa mẹ́rin tí a jọ háyà yàrá kan ní Badore, ní Ajah, fi ọwọ́ ara wa kan ráàkì ejò. A ya fọ́tò rẹ̀, a gbé e sórí status WhatsApp. Àwọn èèyàn yìn wá, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ wa dára. Àwọn kan béèrè ìwọ̀n pákó àti ìwọ̀n ike kí wọ́n lè kan tiwọn, a sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ráàkì mẹ́ta ni a mọ̀ dájú pé wọ́n ti ara ìwọ̀n yẹn jáde, láti Ikota títí dé Sangotedo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ èyí. A ti tú ráàkì tiwa ká. A fẹ́ kí ẹ tú tiyín náà ká. Ẹni tí kò bá sì tíì kàn án, kó má wulẹ̀ ra pákó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ráàkì ejò dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ilẹ̀kùn. Pẹpẹ lórí pẹpẹ ni, àyè tó wà láàárín pẹpẹ kan àti èkejì kò sì ju gíga abọ́ ike kan lọ. Inú àyè yẹn ni a ó ti abọ́ ike náà bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ti dúrọ́ọ̀ bọ inú tábìlì. Ike náà kò ní ìdérí; pẹpẹ tó wà lókè rẹ̀ ni ìdérí rẹ̀. Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín ẹnu ike àti pẹpẹ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, torí ibi tí orí ejò kékeré bá ti gbà, gbogbo ara rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. A ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ike fún afẹ́fẹ́. Ní ẹ̀yìn àwọn pẹpẹ, a ó lẹ ọ̀já pẹlẹbẹ kan tó ń fi iná mànàmáná mú ooru wá, a ó so ó mọ́ thermostat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pa ọ̀já náà nígbà tí ooru bá ti tó, tó sì ń tàn án padà nígbà tí ooru bá lọ sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ni a ó tẹ́ sísàlẹ̀. Abọ́ omi kan, ejò kan, ó parí. Ráàkì tó ga tó èèyàn lè gba ejò mẹ́wàá, kó má sì gba àyè ju ti fíríìjì lọ.

A ò ní purọ́ fún yín, ó wù wá gan-an. Ó rọrùn láti fọ̀, ó mọ́ lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó bá ń gbé yàrá kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta mìíràn ní Ajah mọ ohun tí àyè jẹ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ò wo ilé. Fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà ni a wò.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ejò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kan ráàkì yìí, ta ló ni ín? Tiwa ni. Erè kékeré ni, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní ball python nítorí pé bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká ara rẹ̀ jọ roboto bíi bọ́ọ̀lù, yóò sì fi orí pamọ́ sí àárín. Kò ní oró. Ilẹ̀ tó ń gbé bẹ̀rẹ̀ láti Senegal, ó la Ghana, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá, ó sì dé Uganda. Láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń kó o lọ sókè òkun láti Tógò, Benin àti Ghana. Àwọn àgbẹ̀ a máa gbẹ́ ihò, wọn a máa mú abo tó lóyún jáde, ẹyin á pa, wọn á kó ọmọ ejò sínú ọkọ̀ òfurufú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni ó ti lọ. Ní 1992, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Bob Clark mú kí erè àfín bímọ sí ọwọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì rí i pé àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n lè mú owó ńlá wá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá àwọ̀ tuntun. Ẹni tó bá ń wá àwọ̀ tuntun kò lè sin ejò méjì péré. Ó ní láti sin ọgọ́rùn-ún, kó sin igba. Níbo ni yóò kó wọn sí? Ìgbà òtútù sì tún ń bọ̀, nígbà tí yìnyín yóò bo ìta.

Bí ráàkì ṣe gbajúmọ̀ nìyẹn. Dúrọ́ọ̀ nítorí àyè, ọ̀já ooru nítorí òtútù. Kò sí ẹni tó jókòó tó béèrè pé, kí ni erè fẹ́? Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, erè mélòó ni yóò wọ yàrá yìí? Nítorí èrè ni wọ́n ṣe kàn án, kì í ṣe nítorí erè. A ò bú wọn. Oníṣòwò ni wọ́n, òwò wọn ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwa tí a kì í ṣe oníṣòwò, àwa tí a sọ pé a fẹ́ràn ejò, tí a sì ń gbé ilẹ̀ tí ejò náà ti ṣẹ̀, kí ló mú wa ra àwòrán ilé ọmọ wa lọ́wọ́ àlejò?

Ooru ni ẹ jẹ́ kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí ooru ló jẹ́ kí ojú wa là. Erè kì í fúnra rẹ̀ mú ooru jáde bíi tiwa. Ibi tó bá wà ló ń mú un gbóná tàbí tútù. Ó fẹ́ ibi kan tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 31 tàbí 32, ó sì fẹ́ ibòmíràn tó tutù sí 25 tàbí 27, kó lè máa lọ kó máa bọ̀. Ní ìlú tí òde ti tutù ju omi fíríìjì lọ, ọ̀rọ̀ ọ̀já ooru yé wa. Ṣùgbọ́n ní Ajah ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún, ọ̀sán gangan wa a máa lé ní 32, kí a tó sọ ti yàrá tí oòrùn ń pa ògiri rẹ̀ láti àárọ̀. Ooru kọ́ ni a kò ní. Ibi tútù ni a kò ní, àti afẹ́fẹ́. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ fi owó wá ni a fi owó ra kún èyí tí a ti ní lápọ̀jù.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Ike mẹ́fà ni ráàkì wa ní, ejò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, a gbà á lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ro ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Langbasa. Àdá ti wà lókè nígbà tí a dé ibẹ̀. A bẹ̀ wọ́n, a fún wọn ní owó kékeré, a gbé e lọ sílé nínú àpò, orí wa wú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, gbogbo wa wà ní kíláàsì. Okùn kékeré tí thermostat fi ń mọ ooru ti já bọ́ níbi tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó rọ̀ sílẹ̀ síwájú fáànù. Afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ sí i, ẹ̀rọ náà rò pé ibi gbogbo tutù, kò sì pa ọ̀já. Ọ̀já ń gbóná títí. Nígbà tí a dé, ike kẹta láti òkè ti kọjá 40. Erè tí a gbà lọ́wọ́ àdá wà nínú rẹ̀. Ó ti fi imú gún iwájú ike títí ẹ̀jẹ̀ fi kun ibẹ̀. Kò pariwo, ejò kì í pariwo. Ìdí rẹ̀ tí a kò fi gbọ́ láti ilé kejì nìyẹn, a béèrè lọ́wọ́ ará ilé kejì, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

A gbà á lọ́wọ́ àdá, a wá fi í sínú ààrò. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbé mì nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa kan gbọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀bi thermostat ni. Ẹ ra èyí tó dáa, ẹ lẹ okùn rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ dáadáa." A dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn, ṣùgbọ́n a ò gbà. Ẹ̀rọ gbogbo ló ń bàjẹ́. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tí ó sì ń padà dé pẹ̀lú agbára tó ń jó gílóòbù, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ tòun kò ní bàjẹ́? Ohun tó yẹ kí a béèrè ni pé, nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, kí ni ejò lè ṣe? Nínú ilé tó gùn, tó ní afẹ́fẹ́ ní apá kan, yóò wọ́ kúrò níbi tó gbóná lọ síbi tó tutù. Nínú ike tí kò gùn tó o, tí ooru ti gba ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àti òkè rẹ̀, ibo ni yóò wọ́ lọ? Ibi tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti lè yan ohun tó fẹ́ ni à ń pè ní ilé. Dúrọ́ọ̀ gba yíyàn lọ́wọ́ ejò, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ọwọ́ okùn kékeré kan. Ká má tilẹ̀ sọ ti èèyàn mẹ́rin tó ń sùn nínú yàrá tí ọ̀já gbígbóná ti ń jó lára pákó mọ́jú.

Àwọn kan ní èsì mìíràn, èyí sì ni a gbọ́ jù. Wọ́n ní, "Inú ihò ni erè ń gbé nínú igbó. Ibi tó há ló fẹ́. Ike ni ihò rẹ̀." Ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé erè a máa sùn lọ́sàn-án nínú ihò òkété tàbí nínú òkìtì ọ̀gán. Ṣùgbọ́n ihò ní ẹnu. Bí ilẹ̀ bá ṣú, erè yóò jáde. Ní 1998, Luca Luiselli àti Francesco Angelici tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí erè yìí jáde, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe é, inú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà níbí ni. Wọ́n rí i pé akọ máa ń jẹ ẹyẹ ju abo lọ, abo sì máa ń jẹ eku àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ju akọ lọ. Báwo ni akọ ṣe ń rí ẹyẹ? Ó ń gun igi. Ejò tó ń gun igi lóru láti wá ẹyẹ ni ẹ ń sọ pé ihò nìkan ló fẹ́. Yàrá ni àwa náà ń sùn. Ṣé kí ẹnìkan wá kan yàrá wa pa nítorí pé a máa ń sùn nínú rẹ̀?

Wọ́n tún ní ejò kì í nara, pé kíká ló ń ká. Ní 2019, Clifford Warwick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi wákàtí kan wo ejò 65. Láàárín wákàtí kan péré yẹn, 24 nínú wọn na ara wọn gbọọrọ tàbí kó kù díẹ̀ kí wọ́n nà án tán. Wákàtí kan o! Ẹ wo odindi ọdún kan. Kí a tó wá sọ pé ọdún mélòó: ní oṣù keje 2020, abo erè kan yé ẹyin 7 ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà. 1961 ni wọ́n ti gbé e wá síbẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹran tó lè dàgbà ju òbí yín lọ ni ẹ fẹ́ tì mọ́ dúrọ́ọ̀ láti ọdún kejì ní yunifásítì.

Àwọn mìíràn kàn ní, "Ejò ni, kí ló mọ̀?" Àwọn wọ̀nyí ló ya wá lẹ́nu jù, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ka Arrow of God, ìwé Chinua Achebe tó jáde ní 1964, ẹ ó rántí Oduche, ọmọ Ezeulu. Ó mú erè, ó tì í mọ́ àpótí. Àpótí ń mì, gbogbo agbo ilé pé lé e lórí, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n já àpótí náà, ó ti rẹ ejò náà dé góńgó. Èèwọ̀ ńlá ló jẹ́ ní ìlú wọn, ó sì dá wàhálà sílẹ̀. Oduche ti ọ̀kan, ó tì í lọ́jọ́ kan. Àwa kan àpótí mẹ́fà, a tì wọ́n fún oṣù púpọ̀, a sì ya fọ́tò.

Ẹ kúrò nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a lọ sí etíkun. Òkun kan náà tó ń fọ etíkun Lekki ló ń fọ etíkun Ouidah ní ilẹ̀ Benin. Ilé òrìṣà erè wà níbẹ̀, ó dojú kọ ilé ìjọsìn ńlá àwọn Kátólíìkì. Erè yìí kan náà ni, irú kan náà. Wọ́n ní yàrá tí wọ́n ń sùn sí, wọ́n ń gbára lé ara wọn, wọ́n ń lọ́ mọ́ ògiri. Wọn a máa jẹ́ kí wọ́n jáde lọ wá oúnjẹ, ẹni tó bá sì rí erè nínú ilé rẹ̀ kì í pa á, yóò gbé e padà. Àwa Yorùbá pẹ̀lú so erè mọ́ Òṣùmàrè. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ bọ erè. Ẹ̀sìn oníkálukú wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọgbọ́n bí a ṣe ń bá erè gbé ti wà ní àdúgbò wa kí YouTube tó dé, dúrọ́ọ̀ kò sì sí nínú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ráàkì máa ń ṣe tí ẹnìkan kì í sọ. Ike tó ṣófo ń pe ejò. Nígbà tí ejò wa jẹ́ ọ̀kan, ọ̀kan tó wa. Ọjọ́ tí a kan ike mẹ́fà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wá márùn-ún. A béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ẹ̀bá títì, ó ní kí a dúró, òun yóò bá wa wá a. Bí a ṣe rí ejò kejì àti ìkẹta nìyẹn, owó wa ló sì rán ẹnìkan wọ igbó lọ gbẹ́ ihò. Bẹ́ẹ̀ erè wà nínú àwọn ẹran tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́ òwò wọn, Nàìjíríà sì ní òfin tirẹ̀ lórí òwò ẹran tó ń ṣọ̀wọ́n láti 1985, NESREA sì ni àjọ tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun ò mọ̀. Yorùbá máa ń sọ pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ní Ajah, a ti kó wọn jọ sórí pẹpẹ kan ṣoṣo, ìyà wọn kò sì dín.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ wa gbè sẹ́yìn àwọn tó ń pa ejò o. Àwa náà mọ̀ wọ́n. Ilẹ̀ àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibi tí a ń pè ní Lekki àti Ajah lónìí. Yanrìn ni wọ́n dà sí i kí ilé tó dìde. Ejò ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, a bá a níbẹ̀ ni. Ní ọgbà Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ilẹ̀ hẹ́kítà 78 péré ni igbó tó kù fún wọn ní ìdí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ejò kan á yọjú sínú ẹsiteeti, àwọn ọkùnrin mẹ́wàá á gbé igi, wọn ò tilẹ̀ ní wò ó bóyá ọká ni tàbí erè tí kò ní oró. Ohun búburú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ejò lọ́wọ́ igi kí ó lọ tì í mọ́ ike, kí ó má pe ara rẹ̀ ní olùgbàlà. Bí ẹ bá rí erè tí wọ́n fẹ́ pa, tí ẹ sì lè gbà á láìléwu, ẹ gbé e lọ sí igbó tó wà nítòsí ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí a ṣe lọ́nà Langbasa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ní erè lọ́wọ́ tí kò ṣeé tú sílẹ̀ mọ́ ńkọ́, bíi ẹni tí wọ́n bí ejò rẹ̀ sínú ilé? Kó kan kọ́bọ́ọ̀dù kan fún ejò kan. Wọ́n ní owó kò sí, àyè kò sí. Ẹ bá wa ṣírò. Plywood kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Ẹ gé e sí mẹ́rin ọgbọọgba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2. Ọ̀kan ni ìsàlẹ̀, ọ̀kan ni òkè, ọ̀kan ni ẹ̀yìn. Ẹ gé ìkẹrin sí méjì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìyẹn. Gíláàsì méjì tó ń yọ́ lórí ojú irin ni iwájú, agádágodo kékeré sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Plywood kan ṣoṣo! Ráàkì wa jẹ méjì. Gígùn rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 120. Bí ejò yín bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilé rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gé ojú fèrèsé sí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gé òmíràn sí òkè ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, yóò gba òkè jáde, èyí tó tutù yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ. Ẹ da àfọ́kù ìkòkò kan bolẹ̀ sí apá ọ̀tún, kan sí apá òsì, kí ó lè fara pamọ́ síbi tó bá wù ú. Ẹ̀ka gúrọ́fà tí ẹ ti fọ̀ tó gbẹ ni igi tí yóò gùn. Ẹ tẹ́ okùn èèpo àgbọn sísàlẹ̀, Ajah kò wọ́n àgbọn. Ẹ gbé abọ́ omi tó wúwo sí i, kí ẹ so thermometer kan mọ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lẹ ọ̀já ooru kankan mọ́ ọn. Bí òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ bá mú òru tutù jù, gílóòbù kékeré kan ní apá kan, lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì níbi tí ejò kò lè fọwọ́ kàn án, ti tó, ibi tútù yóò sì wà ní apá kejì fún un láti sá sí.

Bí àyè yín kò bá gba kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, àyè yín kò gba ejò. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí èèyàn má ní ejò. Púpọ̀ nínú wa kò ní ajá, ìgbésí ayé wa sì ń lọ.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Houston àti ní Peckham, tí ẹ ń fi fọ́tò ráàkì yín ránṣẹ́ sí wa, a kò sọ pé ẹ kò fẹ́ràn ejò yín. A mọ̀ pé òtútù wà lọ́dọ̀ yín, ẹ nílò ooru. Ṣùgbọ́n òtútù kò ní kí ilé ejò kúrú. Ẹ gbóná ilé rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gùn. Bí ẹ bá sì ń fi ráàkì ránṣẹ́ sí àbúrò yín ní Ajah láti fi hàn wọ́n bí ayé ṣe ń lọ, ẹ dákun, ẹ dáwọ́ dúró. A ti rí bí ó ṣe ń lọ.

Ejò méjì tó kù lọ́wọ́ wa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù méjì báyìí. Ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, a sì ti fi tábìlì ìkàwé rọ́pò ara wa nítorí rẹ̀: ẹni méjì ń ka ìwé lórí ẹní. Lóru ọjọ́ kejì tí akọ dé inú tirẹ̀, a gbọ́ tí nǹkan ń họ pákó. A tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ti gun ẹ̀ka gúrọ́fà dé òkè pátápátá, ó na ọrùn jáde, ó ń wò wá. Oṣù púpọ̀ ni ejò yìí fi wà nínú ike wa tí a ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò fẹ́ nǹkan kan ju ihò lọ.

Pákó ráàkì náà ṣì wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá ti tú tirẹ̀ ká tí pákó rẹ̀ kò tó kọ́bọ́ọ̀dù, kó wá kó tiwa. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, bí a ṣe fún yín ní ìwọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn.